Lítà Tó Kù Lẹ́yìn Òdo: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́fà Nínú Ọkọ̀ Hybrid

Ọjọ́ Kìíní

A gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, nínú ọkọ̀ hybrid kan (ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀) tí a kì í fi wáyà gba iná sí, ìyẹn irú èyí tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì rẹ̀ ló ń fún bátìrì ní agbára. Ìwé ọkọ̀ náà sọ pé táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 43. Mo rọ epo kún un ní alẹ́ àná, mo sì dúró níbi tí pọ́ǹpù ti kọ́kọ́ já fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iye epo tó wà nínú táǹkì gbọ́dọ̀ máa dúró síbi kan náà nígbà gbogbo tó bá ń rọ epo. Ihò kékeré kan wà létí ẹnu pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́. Nígbà tí epo bá gòkè débẹ̀ tó sì dí i, pọ́ǹpù á já. Ẹni tó bá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn èyí kò fi ohun púpọ̀ kún ìrìn rẹ̀, ó sì lè ti epo wọ inú àgò èédú tí wọ́n fi ń gba òórùn epo dúró, èyí tí wọn kò ṣe fún epo olómi rárá.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ ni àríyànjiyàn kan tó ti wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀ náà. Wọ́n gbà pé ọkọ̀ hybrid kò lè dá ènìyàn dúró sójú ọ̀nà bí ọkọ̀ elépo lásán, nítorí pé bí epo bá tán, bátìrì á gbà á. “Táǹkì méjì ló ní,” ni wọ́n máa ń wí, “ọ̀kan fún epo, èkejì fún iná.” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí kankan ju ohun tí mo kà lọ. Mo wá mú ìwé kékeré kan àti bírò dání, mo sì pinnu pé ní gbogbo ìgbà tí iná ìkìlọ̀ epo bá tàn, n óò kọ iye kìlómítà tí a ti rìn, iye tí dáṣíbọ́ọ̀dù ní ó kù, àti iye lítà tí táǹkì gbà nígbà tí a bá rọ epo.

Nígbà tí a ń jáde, dáṣíbọ́ọ̀dù sọ pé kìlómítà 760 ni epo wa lè gbé wa. A lo kìlómítà 96 àkọ́kọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a ń rìn, a ń dúró, a tún ń rìn, nígbà tí mo sì wo ojú ẹ̀rọ, 748 ló wà níbẹ̀. A ti rin kìlómítà 96, méjìlá péré ni ó yọ. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ̀ náà ń bímọ epo lójú ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò mọ ibi tí a ń lọ. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó mú iye epo tó gbà pé ó ṣeé lò, ó sì fi iye tí ọkọ̀ ń jẹ láìpẹ́ yìí pín in. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ elépo lásán a máa jẹ epo bí ẹni tí ebi ti pa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ hybrid a máa pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tó bá dúró, a máa fi iná bátìrì rọra fà, bí a bá sì tẹ bíréèkì, díẹ̀ nínú agbára tí a fi sáré á padà sínú bátìrì. Nítorí náà ni ìpíndọ́gba rẹ̀ fi dára sí i, tí iye kìlómítà tó kù sì fi dà bíi pé kò dínkù.

A rin kìlómítà 214 lónìí, ọkọ̀ sì jẹ lítà 4.5 fún kìlómítà 100.

Ọjọ́ Kejì

Òpópónà márosẹ̀ ni láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí ọkọ̀, wọn kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni kọjá wọn. Kìlómítà 120 ní wákàtí kan ni a ń sá jù. Lórí eré bẹ́ẹ̀ kò sí bíréèkì tí a ó fi gba agbára padà, ẹ́ńjìnnì kò sì ráyè sinmi. Afẹ́fẹ́ nìkan ni a ń bá jà, afẹ́fẹ́ kì í sì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni: bí eré bá lọ láti 80 sí 120, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn yóò ju ìlọ́po méjì lọ.

Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sọ 635 nígbà tí a gbéra láàárọ̀. Nígbà tí a dúró lálẹ́, 102 ló kù. Kìlómítà 396 ni a rìn. 533 ni ó yọ. Mo fi èyí han ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rán wọn létí ọmọ tí ọkọ̀ bí lánàá. Wọ́n ní ó ti kú.

Lítà 5.9 fún kìlómítà 100. Ìlà méjì ló kù lójú géèjì nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Kẹta

Iná tàn lónìí. Ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì ti rin kìlómítà bíi 48 nígbà tí ọkọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, kíú, tí ìlà tó kẹ́yìn lójú géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. A sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kékeré kan, ó ṣíwọ́. A gun òmíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a sì dé ilẹ̀ títẹ́ ní kìlómítà 52, kò ṣíwọ́ mọ́. Ohun tó ń wọn epo nínú táǹkì kò ju ọ̀pá kékeré kan lọ, tí ohun fúyẹ́ kan tó ń léfòó wà ní ìparí rẹ̀. Bí epo bá lọ sẹ́yìn nítorí pé ọkọ̀ gbé imú sókè, ohun tó ń léfòó yìí á tẹ̀lé e, géèjì á sì gbà pé epo dínkù. Nítorí náà, ibi tí iná ti kọ́kọ́ tàn lórí òkè kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ibi tó ti dúró láìṣíwọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́ ni mo kọ sínú ìwé mi. Mítà wà ní kìlómítà 662 láti ìgbà tí a ti rọ epo, dáṣíbọ́ọ̀dù sì ní ó ku 57.

A ya ilé epo ní kìlómítà 673. Ojú ẹ̀rọ ní 48 nígbà náà. Mo rọ epo títí pọ́ǹpù fi já lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró. Lítà 36.2.

Mo gbé ìwé lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì ṣe ìṣirò níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Bí táǹkì bá gba 43, tí 36.2 sì wọlé, lítà 6.8 ló wà nísàlẹ̀ nígbà tí a dé. Lítà 5.4 ni ọkọ̀ ń jẹ fún kìlómítà 100 bí a bá pín gbogbo ìrìn wa dọ́gba, nítorí náà 6.8 yìí ì bá gbé wa rin kìlómítà 126. Ọkọ̀ ní 48. Níbo ni 78 yòókù wà? Kò sọnù. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló fi pa mọ́: wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà kó máa ka òdo nígbà tí lítà bíi 4.2 bá ṣì wà nínú táǹkì, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá rí 10 á máa rò ó pé òun lè dé 12. Lójú tèmi, ìwà ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan, pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan pa mọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

“Lítà mẹ́rin lẹ́yìn òdo,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ojú wọn sì tàn ju bó ṣe yẹ lọ. “Ó dáa kí ènìyàn mọ̀.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa nu gíláàsì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí a má máa jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì yóò wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ náà ni pọ́ǹpù ti ń fa epo nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé táǹkì kún àbí kò kún, àsẹ́ sì wà níbẹ̀. Ìdí gidi tí kò fi dára kí táǹkì máa gbẹ ni pé inú epo gan-an ni pọ́ǹpù epo wà, epo yìí kan náà ló sì ń tù ú, tó sì ń jẹ́ kó yí láìfọ́. Pọ́ǹpù tó bá ń yí nínú afẹ́fẹ́ á gbóná.

Bí mo ti ń kọ èyí, mo rántí pé kì í ṣe gbogbo táǹkì ni ìṣirò lásán bí irú èyí lè ràn lọ́wọ́. Prius, ọkọ̀ hybrid ti Toyota, tó jẹ́ ìran kejì, èyí tó jáde ní ọdún 2003, ní àpò rọ́bà kan nínú táǹkì rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, kí òórùn epo má bàa máa jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí òtútù bá mú, àpò náà á le, kò sì ní fẹjú tán, nítorí náà iye epo tó ń gbà ní àkókò òtútù kì í bá tìgbà ooru mu. Táǹkì tiwa le koránkorán, mo sì dúpẹ́.

Lẹ́yìn ilé epo, a rin kìlómítà 160 sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Lítà 5.1 fún 100.

Ọjọ́ Kẹrin

Òkè. Òwúrọ̀ tutù, ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó kúrò lójú kan, nítorí omi inú ẹ́ńjìnnì ló ń mú inú ọkọ̀ móoru, omi náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. A gbéra pẹ̀lú 577 lójú ẹ̀rọ. A fi kìlómítà 62 gòkè, ó ju ẹgbẹ̀rún mítà kan lọ sókè, ọkọ̀ sì jẹ lítà 9.1 fún kìlómítà 100 láti ìsàlẹ̀ dé orí. Nígbà tí a dé góńgó, 390 ló kù lójú ẹ̀rọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni mo ti ń dúró dè, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì yóò ti fi ara rẹ̀ hàn. Ìlà mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ka bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, wọ́n ń fọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ìlà karùn-ún yọ, ìkẹfà yọ, ìkeje tẹ̀lé e. Kí a tó rin kìlómítà mẹ́sàn-án ó ti kún dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì ta sókè tó ń ké bí ẹni tí a ta ní ìpá, ẹ̀rù sì ba ẹ̀gbọ́n mi.

“Kí ló ń ṣe é?”

“Ó ti yó ni, Ẹ̀gbọ́n. Kò rí ibi tí yóò tọ́jú agbára sí mọ́, ló fi ń fi ẹ́ńjìnnì dá ọkọ̀ dúró. Kò jẹ epo bó ṣe ń ké yẹn.”

Wọ́n wo ibi tí a ń lọ, ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò títí dé ìsàlẹ̀ àfonífojì, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,600, bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mítà kan, agbára tó wà nínú ìsọ̀kalẹ̀ náà ju kìlówáàtì-wákàtí 4 lọ (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná tí a lò nílé). Afẹ́fẹ́ àti táyà yóò gba tiwọn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wa kò lè gbà ju 1.3 lọ látòkèdélẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í sì í jẹ́ kó gbẹ tán tàbí kó kún tán, kó lè pẹ́ láyé. Bí àpò ìléwọ́ ni bátìrì yìí rí, kì í ṣe àpótí: ohun tí a mú níbí la ó ná ní ìtòsí.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ojú ẹ̀rọ ti kúrò ní 390, ó ti di 484. Kìlómítà 58 ni a fi sọ̀ kalẹ̀, lítà 0.8 péré ni ó sì ná wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà yìí pinnu ibi tí yóò ti rọ epo ní ilẹ̀ olókè, kó mọ̀ pé ó lè fi góńgó òkè dẹ́rù ba ni láìnídìí, kó sì fi ìsàlẹ̀ tan ni.

Apá tó kù nínú ọjọ́ náà kò ní ìtàn: kìlómítà 98, òjò díẹ̀, lítà 5.9.

Ọjọ́ Karùn-ún

Láti ìgbà tí a rọ epo ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ti jẹ lítà 20.4 nígbà tí a gbéra láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà níwájú wa, igi kò sí, ilé kò sí, atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí n kò kà sí nǹkan kan lásìkò náà.

Ní kìlómítà 148 a kan ilé epo. Ojú ẹ̀rọ ní 196. Àwòrán ọ̀nà sì fi hàn pé ilé epo tó tẹ̀lé e wà ní kìlómítà 152 síwájú. Mo ní kí a yà.

“Lítà mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ojú ẹ̀rọ ní 196, ìwọ fúnra rẹ sì ti fi hàn mí pé lítà mẹ́rin mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn. Kí la fẹ́ yà ṣe?”

Ọ̀rọ̀ wọn kò ní àbùkù lójú ìṣirò, ìṣirò náà sì jẹ́ tèmi. Mo dákẹ́.

Iná tàn ní kìlómítà 287. Ní 300 a dé ilé epo kejì, a sì bá ọ̀rá lórí gbogbo ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní epo ti tán láti àná, pé ó ṣeé ṣe kí tírélà epo dé lọ́la. Ilé epo tó tún wà níwájú jìnnà tó kìlómítà 124. Èyí tí a fi sẹ́yìn jìnnà tó 152. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní ó ku 48.

Mo ṣí ìwé mi. Lítà 36.3 ni ọkọ̀ ti jẹ, nítorí náà 6.7 ló kù, bó bá sì ń jẹ 5.3 bó ṣe ń jẹ láti àárọ̀, kìlómítà 126 ni yóò gbé wa. Èyí ju 124 lọ pẹ̀lú méjì péré. Ṣùgbọ́n bí a bá dín eré kù láti 95 sí 70, mo gbà pé yóò jẹ 4.7, kìlómítà 142 sì ni ìyẹn. Èmi ni mo sọ pé kí a máa lọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí má bàa di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀gbọ́n mi.

A pa éèsì, nítorí bátìrì ńlá yẹn ló ń gbé e ṣiṣẹ́, epo ló sì ń kún bátìrì. A sún gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, a sì ń rọra lọ, kìlómítà 70, kò sókè, kò sílẹ̀. Atẹ́gùn sì ń fẹ́ lójú wa. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan ààbọ̀, mo rí i pé gbogbo ohun tí a fi ìrọra pa mọ́ ni atẹ́gùn ń gbà padà: 5.3 ni ọkọ̀ ṣì ń jẹ. Òdo ti yọ ní kìlómítà 347. Kò sí ariwo kankan nígbà tó yọ. 1 lọ, 0 dé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ìwé mi nìkan ni géèjì tí a ní.

Kìlómítà 70 ni a rìn lẹ́yìn òdo.

Ní 417, ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó fẹ́ sín, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ elépo lásán ni, gbogbo ènìyàn ni yóò ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ohun tuntun nínú ọkọ̀ hybrid. Igba ìgbà ló ti dákẹ́ láti àárọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ń lọ síwájú. Iná pupa onígun mẹ́ta kan tàn, àkọlé kan yọ pé kí a lọ yẹ ọkọ̀ wò, a sì rí i pé bí a ti ń tẹ tọ́tù tó, kò fẹ́ kọjá 40 mọ́.

“Ṣé o rí i?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ó ń lọ.”

Bátìrì ní ìlà márùn-ún nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Bí mo ti ń wò ó, ó di mẹ́rin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi tó dára kí ẹ dúró.”

“Kìlómítà méje péré ló kù.”

“Kò lè rìn ju mẹ́ta lọ. Bí bátìrì yẹn bá sì kú, epo tí a bá rà kò ní wúlò fún wa.”

Wọ́n dúró. Mítà 700 ni a ti rìn, ìlà mẹ́ta ló kù.

Ohun tí mo sọ fún wọn létí ọ̀nà, nígbà tí ara wa ti balẹ̀, nìyí. Nínú ọkọ̀ elépo lásán, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, bátìrì kékeré olófóòtì 12 ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí ìyẹn bá kú, aládùúgbò ẹni lè fi wáyà bùn ún. Nínú hybrid bíi tiwa, kò sí ẹ̀rọ kékeré yẹn. Bátìrì ńlá ló ń yí ẹ́ńjìnnì sókè, nípasẹ̀ ẹ̀rọ iná kan náà tó ń fi epo kún un. Prius ọdún 2009, fún àpẹẹrẹ, ní bátìrì tí fóòtì rẹ̀ lé ní 200, tí wọ́n fi bátìrì kéékèèké 28 so pọ̀ ṣe. Wáyà tí a fi ń bùn bátìrì kékeré kò kan ibẹ̀ rárá. Bí a bá fi bátìrì ńlá náà rìn títí tó fi kú, a lè rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, ẹ́ńjìnnì kò ní rí ẹni tí yóò jí i, ó sì di ohun tí a ó gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń gba agbára sí i. Ìṣirò ìrìn náà kò sì dára. Lítà epo kan ní agbára tó tó kìlówáàtì-wákàtí 9, ẹ́ńjìnnì tó dára á sì rí bíi 3.5 lò nínú rẹ̀. Nínú 1.3 tí bátìrì wa ní, kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí a lò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Gbogbo “táǹkì kejì” yẹn, nígbà náà, kò tó ìdá márùn-ún lítà epo kan.

Awakọ̀ tírélà kan gbé mi lọ sí ilé epo, ó sì dúró dè mí kó tó gbé mi padà dé ìtòsí, n kò sì pẹ́ ju wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà. Lítà márùn-ún ni mo rà sínú kẹ́ẹ̀gì. A rọ ọ́ sínú táǹkì pẹ̀lú àrọ, a pa ọkọ̀ pátápátá, a dúró díẹ̀, a tún tàn án. Ẹ́ńjìnnì yí, kò gbà. Mo gbọ́ ìró pọ́ǹpù láti ìsàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, gúọ̀, gúọ̀, bí ó ti ń fa epo wọ inú páìpù tó ti gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, nítorí gbogbo ìgbà tó bá yí, ìlà mẹ́ta yẹn la ń ná. A tan án lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí, ó gbọ̀n, ó gbà. Bátìrì di méjì kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ìlà tó kẹ́yìn lójú géèjì ṣì ń ṣẹ́jú, kò sì yani lẹ́nu, nítorí lítà márùn-ún àti àṣẹ́kù tí pọ́ǹpù kò lè fà kò tíì tó lítà méje tí iná náà fi ń tàn. Nílé epo, táǹkì gba 37.9. Bí a bá fi márùn-ún inú kẹ́ẹ̀gì kún un, tí a sì yọ nǹkan bíi 0.4 tí a jó láti ibi tí a dúró sí, 42.5 nìyẹn. Nínú lítà 43 tí ìwé sọ, ìdajì lítà kan kò ní dé ẹ́ńjìnnì láéláé. Ìdajì lítà yìí, kìlómítà mẹ́sàn-án ni. Méje ló sì kù kí a tó dé ilé epo.

Ọjọ́ Kẹfà

Kìlómítà 203 péré ló kù fún wa. Níbi tí a sùn, obìnrin kan gbé hybrid tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, irú èyí tí a ń fi wáyà gba iná sí lára ògiri. Ó sọ fún wa pé iná ìkìlọ̀ epo òun ti tàn láti ìrọ̀lẹ́ àná, pé bátìrì ni òun fi wọlé, òun sì tún ní kìlómítà 30 tó kù nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. “Táǹkì méjì nìyẹn!”

Òótọ́ ni, tiẹ̀ ni táǹkì méjì. Bátìrì irú Prius bẹ́ẹ̀ tó jáde ní 2023 jẹ́ kìlówáàtì-wákàtí 13.6, ìlọ́po mẹ́wàá tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn náà kì í fẹ́ kí epo gbẹ tán, nítorí ẹ́ńjìnnì lè dìde fún ìdí mìíràn yàtọ̀ sí ìrìn. Chevrolet Volt, tí ó tún ń gba iná lára ògiri, a máa dédé tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí epo inú táǹkì bá ti pẹ́ tó bí ọdún kan, kó lè jó o dànù kó tó bàjẹ́. Bó bá wá rí i pé kò sí epo ńkọ́? Obìnrin náà ní òun ń lọ sí ilé epo kí òun tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Mẹkáníìkì kan bá wa so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù mọ́ ọkọ̀. Kóòdù P0A0F ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kọ̀ láti dìde. Ó pa á rẹ́, iná onígun mẹ́ta kú, kò sì tíì padà wá.

Kí a tó dé, mo gé bébà pélébé kan, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná: lítà 7. Òdo: lítà 3.7 tó ṣeé lò. Bátìrì: má kà á. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a wọn ohun tó wà lẹ́yìn òdo, pé ọ̀kan lórí òkè, èkejì nínú atẹ́gùn, a ó sì tún un wọ̀n lórí ilẹ̀ títẹ́ ní ìgbà tí ara bá tutù. Mo ní ó dára, bí kẹ́ẹ̀gì bá ti wà nínú búùtù. Nígbà tí mo ṣí ìdérí náà lálẹ́ láti mú ìwé mi, mo rí i pé wọ́n ti fi bírò fa ilà sí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n sì kọ tiwọn sábẹ́ rẹ̀: Bátìrì: mítà 700.